Mezcal tí mo rà l'Adó: bó ṣe rí lẹ́nu mi rèé o

Mezcal, ọtí Mẹ́síkò ni, ewéko kan tó ń jẹ́ agave ni wọ́n fi ń se é, bíi ti tequila. Àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ìgò tequila tó bí mi nínú. Ìkómọ àbúrò mi ló ku ọ̀la, mo yà ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́tí kan ní Àjílòsun, mo ní kí wọ́n fún mi ní tequila tó dáa, ọmọ tó ń tajà ní èyí tó pupa bí oyin yìí lọ̀gá gbogbo wọn. Orí fọ́ mi dọjọ́ kejì. Ìgbà tí mo wá fojú balẹ̀ ka ara ìgò, kò síbi tí wọ́n kọ "100% de agave" sí. Àbùlà ni jàre! Òfin Mẹ́síkò gbà bẹ́ẹ̀, tí ṣúgà agave bá ti pé 51%, ṣúgà ìrèké lè jẹ́ ìyókù, wọ́n sì lè fi àwọ̀ pa á láró kó dà bí ọtí tó ti pẹ́ nínú àgbá.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo rí mezcal ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́nà Adébáyọ̀, ìgò ni mo kọ́kọ́ kà kí n tó béèrè owó. Espadín (irú agave tí wọ́n fi se é), Oaxaca (ìpínlẹ̀ tó ti wá ní Mẹ́síkò), artesanal (ọ̀nà ìbílẹ̀ ni wọ́n gbà se é). ₦62,000, owó òbúkọ kékeré kan o, mo ṣáà san án.

Mo gbé e lọ bá bàbá mi kékeré n'Íkẹ́rẹ́. Adẹ́mu ni wọ́n, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń gun ọ̀pẹ. Wọn ò tíì tọ́ ọ wò tí wọ́n fi mi ìgò náà jìgìjìgì, wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n ń wo ìfófòó ẹ̀. "Kò tètè kú. Ọtí gidi ni." Ẹnu yà mí, torí bẹ́ẹ̀ gan-an làwọn tó ń se é l'Óaxaca ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, perlas ni wọ́n ń pe ìfófòó yẹn. Ẹni tó bá ti ra ògógóró lọ́wọ́ ará Ìlàjẹ rí á mọ ohun tí mò ń wí.

Bàbá mi wá béèrè pé irú ọ̀pẹ wo làwọn ará ibẹ̀ ń dá. Mo ní kì í ṣe ọ̀pẹ, Bàbá, agave ni, ewéko kan tó jọ ọ̀pẹ-òyìnbó, kódà piña ni wọ́n ń pe ìdí ẹ̀, ọ̀pẹ-òyìnbó náà ló túmọ̀ sí. Ó ń tó ọdún méje, mẹ́jọ kó tó gbó, wọ́n á gé gbogbo ewé ẹ̀ dànù, ìdí tó kù lè wúwo ju báàgì sìmẹ́ńtì kan lọ. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á fi igi dáná sí i, wọ́n á kó òkúta lé e títí á fi pọ́n, wọ́n á wá to piña sí i, wọ́n á fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ibẹ̀ lèéfín ti ń wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn náà òkúta ńlá tí ẹṣin ń fà ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, á kan nínú àgbá, wọ́n á sè é lẹ́ẹ̀mejì. Sísè yẹn, lẹ́yìn tí ará Sípéènì dé ló gbilẹ̀, àmọ́ wọ́n ti ní ẹmu tiwọn tipẹ́, pulque, omi ara agave ni, funfun, ó sì ń kan. Ìyẹn dùn mọ́ bàbá mi ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Adùn ẹ̀ ńkọ́? Ẹnu àkọ́kọ́, èéfín, bí ìgbà téèyàn jókòó ti ibi tí wọ́n ti ń yan àsun tí atẹ́gùn wá yí sọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹnu kejì lẹ máa tó rí adùn tó wà nísàlẹ̀, bí iṣu sísun téèpo ẹ̀ jó díẹ̀. Ẹ má fi Coke pò ó o, mo dán an wò, mo kàn fi ọtí ṣòfò ni.

Ìkùnà ẹ̀: ìdérí ìgò fọ́ sínú ọtí, a fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹni tó tà á náà sì ń tẹnu mọ́ ọn pé tí kò bá ti sí kòkòrò nínú ẹ̀, féèkì ni. Irọ́ o, ọgbọ́n ìtajà ni kòkòrò yẹn.

Bàbá mi ní ó dáa, ṣùgbọ́n ó ń rùn bí ilé ìdáná ìyá àwọn. Wọ́n mu gíláàsì mẹ́ta. Ìgbà tí mo fẹ́ padà s'Adó, mo wá ìgò mi tì.