Ilé ìwòsàn eegun kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún mi

Àpòòwé kan ló bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jókòó kọ èyí. Fọ́tò eegun ò rí nǹkan kan, gbogbo ará ọjà Ouando sì ti fi làkúrègbé pe ìrora orúnkún mi títí ó fi sú mi, ni wọ́n bá ní kí n lọ ṣe IRM, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ní Kútọnu. Nígbà tí èsì dé, ọmọbìnrin tó ń gbàwé ní ẹnu ọ̀nà na àpòòwé náà sí mi láàárín èrò. "Dókítà ti lọ o, màdáámù. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ẹ mú owó àsansílẹ̀ iṣẹ́ abẹ dání." Iṣẹ́ abẹ kẹ̀? Ta ló bá mi sọ ọ́? Mo ya àpòòwé náà níbẹ̀, mo rí orúkọ àrùn lédè Faransé: synovite villonodulaire pigmentée, "tumeur" (kókó tó hù nínú ara) sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé jẹjẹrẹ ni?" Kò gbójú sókè. Owó ló ń kà. Ó da ìdì náà sílẹ̀, ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi bíi pé èmi ló jẹ́ kó ṣì í kà.

Ọ̀dọ́kùnrin kiné tó ń tọ́jú iṣan ló rí mi níbi tí mo fara ti ògiri. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé, ẹ jókòó ná." Ó kàwé náà tán, ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ẹ̀ ni pé, "Kì í ṣe jẹjẹrẹ." Ó ya orúnkún sẹ́yìn àpòòwé. Awọ fẹ́lẹ́ kan ló tẹ́ inú oríkèé, òun ló ń sun omi tí oríkèé fi ń yọ̀. Tèmi ti hù yẹtuyẹtu bí ìrùkẹ̀rẹ̀, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú. Ìdí nìyẹn tí omi tí wọ́n fabẹ́rẹ́ fà níbẹ̀ fi pọ́n dúdú. Àrùn náà ṣọ̀wọ́n, orúnkún ló sì máa ń mú jù. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á ba oríkèé jẹ́ dé eegun. Tí wọ́n bá gé e, irú tèmi tó ti tàn káàkiri lè padà wá, àfi kéèyàn máa tún IRM ṣe látìgbàdégbà. Kò fi ìyẹn pa mọ́ fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Yàrá kékeré kiné yẹn ló gbé mi ró látọjọ́ náà. Ó ní itan tó bá lágbára ṣáájú iṣẹ́ abẹ ló ń tètè gbéra lẹ́yìn rẹ̀. Ó ká tówẹ́ẹ̀lì sábẹ́ orúnkún mi: kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí n ka ení dé àrún, kí n tú u. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá rìn: ẹsẹ̀ tó dá ni kó kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn, èyí tó ń dunni ni kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù bà mí lórí àtẹ̀gùn, omi bọ́ lójú mi. Ó dúró sí ìsàlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, kò kán mi lójú.

Dókítà fúnra ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo bi í ló dáhùn. Iwájú ni wọ́n máa gba ihò kéékèèké ti kámẹ́rà wọ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n máa là. Ilé ìwòsàn náà mọ́, àga ò tó.

2 nínú 5 ni mo fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ẹni tó lè ní "ẹ jókòó, ẹ dúró de kiné" sí ẹnu ọ̀nà, màá gbé e sókè. Mo ti san àsansílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti ṣe é fún mi.