Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń ya ìtọ̀ sọ́tọ̀: àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn ìlò ní Àkúrẹ́

Ohun tí mo ń gbé yẹ̀wò ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbígbẹ tó ń ya ìtọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbẹ́, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Àkúrẹ́ máa ń kọ́ fún ẹni tó bá bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, tí wọ́n sì máa ń ta àga rẹ̀ nìkan fún ẹni tó bá ní bíríkìlà tirẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé agbo ilé wa lójú ọ̀nà Ọ̀dà ni wọ́n kọ́ tiwa sí. Tọmọdé tàgbà ló ń lò ó, òjò ti pa á, ẹ̀ẹ̀rùn sì ti bá a. Èrò mi lórí rẹ̀ kò díjú: iṣẹ́ náà dára fún ẹni tó ń dáko tàbí tó ní ọgbà lẹ́yìn ilé, nítorí irinṣẹ́ oko ni í ṣe kí ó tó di ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ibi tí yóò da ohun tó ń ti inú rẹ̀ jáde sí, owó ara rẹ̀ ló fi ra wàhálà.

Yàrá náà dúró lórí pèpéle bulọ́ọ̀kù, àtẹ̀gùn mélòó kan sì ni a ń gùn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, nítorí pé orí ilẹ̀ ni àpótí tó ń gba ìgbẹ́ wà, kì í ṣe inú ihò. Àpótí méjì ni. Ògiri kan ló là wọ́n láàárín. À ń lo ọ̀kan, èkejì wà ní dídé pa. Iwájú àga náà ní kòtò kékeré tó ń gba ìtọ̀ sínú paípù tó lọ sí kẹ́ẹ̀gì lóde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní ihò ńlá tí ìgbẹ́ ń gbà bọ́ sísàlẹ̀. A kì í da omi sí i rárá. Ẹni tó bá ṣe tán yóò bu eérú tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó láti inú ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, yóò dà á lé e lórí, yóò sì dé ihò náà. Paípù dúdú kan gba inú àpótí yọ sókè òrùlé. Bí oòrùn bá ti mú un gbóná ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń gòkè, tó sì ń fa òórùn jáde, nẹ́ẹ̀tì ẹnu rẹ̀ kò sì fún eṣinṣin láyè. Ní ti eérú àti lẹ́búlẹ́bú, kò sí ẹni tí yóò wá wọn tì ní Àkúrẹ́, níbi tí sọ́mìlì pọ̀ sí, tí àwọn tó ń yan gàrí sì ń wá ibi tí wọn yóò da eérú sí. Òórùn tí a mọ̀ mọ́ ṣáláńgá kò sí níbẹ̀, nítorí pé ìpàdé ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ló ń bí i. Bí ìgbẹ́ bá dá wà, tí eérú sì fa omi ara rẹ̀ mu, ohun tó ń rùn nínú rẹ̀ kò pọ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí eérú bá tán nínú ike náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì bu òmíràn sí i, gbogbo ilé ni yóò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kànga ló mú wa kọ́ ọ. Orí àpáta líle ni Àkúrẹ́ wà. Omi inú ọ̀pọ̀ kànga tí a fi ọwọ́ gbẹ́ wà nínú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta yẹn, inú ilẹ̀ yìí kan náà sì ni sọ́kàwéè àti ṣáláńgá ń da omi tiwọn sí. Mítà 30 ni òdiwọ̀n tí a sábà máa ń gbọ́ pé kí ó wà láàárín kànga àti ihò ìgbẹ́. Bẹ́ẹ̀, pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 kò gùn ju nǹkan bíi mítà 30 lọ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí a má tíì ka sọ́kàwéè aládùúgbò tó wà lẹ́yìn fẹ́ńsì. Nígbà òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ á gòkè, á sì bá ihò ṣáláńgá níbi tó wà. Bí a bá gbé omi kaná títí ó fi hó, ó lè pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kò lè yọ nitrate, èròjà tí ìtọ̀ ń dá sílẹ̀ nínú ilẹ̀, èyí tó léwu fún ìkókó tí wọ́n bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún. Àpótí orí ilẹ̀ kò da nǹkan kan sínú ilẹ̀. Ẹ tún ka ti omi tí a kò dà nù mọ́ ọn: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi ń gba nǹkan bíi lítà 6 sí 9 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi omi lé ìgbẹ́ lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí ọmọ kan fà láti inú kànga kò lè ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ.

Ṣùgbọ́n inú kẹ́ẹ̀gì ìtọ̀ ni èrè rẹ̀ wà. Àgbàlagbà kan máa ń tọ̀ tó nǹkan bíi lítà 500 láàárín ọdún kan, ìgbẹ́ rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi lítà 50 lọ. Síbẹ̀, inú ìtọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú nitrogen tó ń jáde lára ènìyàn wà, pẹ̀lú ohun tó tó ìdajì phosphorus tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oúnjẹ irúgbìn ni méjèèjì, ohun kan náà tí a ń rà nínú àpò ajílẹ̀ NPK nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ló ń fi gáàsì ṣe nitrogen inú àpò. Phosphorus rẹ̀ jẹ́ òkúta tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, tí Mòrókò sì ní èyí tó pọ̀ jù lágbàáyé. Bí a bá ti jẹ ẹ́ tán nínú àgbàdo àti ẹ̀wà, a ó ti í wọ abẹ́ ilẹ̀, a ó jẹ́ kí ó ṣàn lọ sí odò Àlà, a ó sì tún gba ọjà lọ ra òmíràn.

Lílò rẹ̀ ní ètò. Kẹ́ẹ̀gì gbọ́dọ̀ wà ní dídé pinpin, nítorí pé nitrogen inú ìtọ̀ máa ń di ammonia, gáàsì tó ń bá atẹ́gùn lọ. Omi ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ni a fi ń là á. A ó la poro tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ebè, a ó dà á síbẹ̀, a ó sì fi erùpẹ̀ bò ó kíákíá láìjẹ́ kí ó kan ewé. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2006 sọ pé bí ó bá jẹ́ ìdílé kan ló ń lo ìtọ̀ ara rẹ̀ sí oko ara rẹ̀, kò pọn dandan kí wọ́n kọ́kọ́ fi pamọ́ títí, bí oṣù kan bá ti wà láàárín ìgbà tí wọ́n dà á àti ìgbà tí wọ́n kórè. Bí ó bá jẹ́ ìtọ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé tí wọ́n dà pọ̀, oṣù mẹ́fà ni kí ó lò nínú kẹ́ẹ̀gì kí wọ́n tó lè dà á sí irúgbìn yòówù, ní ibi tí ooru bá ti tó 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru tiwa kò ní ìṣòro dídé ibẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì wa, ewé àgbàdo orí ebè tí a dà á sí dú, ó sì tutù yọ̀yọ̀, nígbà tí àwọn tí a fi sílẹ̀ ṣì ń pọ́n láti ẹsẹ̀ bọ̀ wá sókè. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó máa ń wá gé tẹ̀tẹ̀ lọ́dọ̀ wa lọ tà ní Ọjà Ọba gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní, “Ẹ̀yin ará ibí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ sókè mọ́ o.” Bẹ́ẹ̀, kò bi wá rí nípa ìgbẹ́ adìẹ tí gbogbo ayé ń dà sí ẹ̀fọ́. Lóòótọ́, a kì í da ìtọ̀ sí tẹ̀tẹ̀ tí ó ń gé, nítorí pé kò sí oṣù kan láàárín gígé kan àti èkejì. Àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń jẹ ẹ́.

Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni paípù ìtọ̀. Èyí tí àwọn oníṣẹ́ náà fi sí tiwa tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ó sì ṣẹ́ kọ́rọ́ níbi púpọ̀ kí ó tó dé ibi kẹ́ẹ̀gì. Ìtọ̀ tó bá dúró sójú kan máa ń yí padà. Phosphate, ìyẹn phosphorus inú rẹ̀, á dì pọ̀ mọ́ èròjà magnesium àti calcium, á sì di èépá funfun líle tó lẹ̀ mọ́ inú paípù. Tiwa dí pátápátá. Nígbà tí a pe àwọn tó kọ́ ọ, wọ́n ní àwọn ọmọ ló ń ju bébà sí i, ẹ̀bẹ̀ púpọ̀ ni a sì bẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yọjú. Plọ́ńbà àdúgbò ló gé paípù náà níkẹyìn, tó sì fi hàn wá pé kò sí bébà kankan níbẹ̀. Èépá ló gba inú rẹ̀ débi pé ìka ọmọdé kò lè wọ̀ ọ́. Paípù íǹṣì 2 tó dà gẹ̀rẹ́, tó lọ tààrà, ni ó fi rọ́pò rẹ̀, fínígà tí a ń dà sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan sì ti tó láti ìgbà náà. Ẹni tó ń ta irú ọjà yìí ló yẹ kí ó mọ ọ̀rọ̀ èépá ju oníbàárà lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti omi ìṣandí. Àwọn Mùsùlùmí inú agbo ilé wa kì í fi bébà parí ọ̀rọ̀, búútà wọn kò sì jìnnà sí wọn. Àwa tó kù náà, ọ̀pọ̀ wa ló fẹ́ràn omi. Bí omi yẹn bá bọ́ sínú àpótí, eérú á di ẹrẹ̀, òórùn á dé, gbogbo iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Àga tí wọ́n ń tà kò rò ti èyí rárá, ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn ènìyàn Àkúrẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe é fún. Ní Kerala, ní Íńdíà, wọ́n ti ń kọ́ irú rẹ̀ tó ní àyè kẹta fún omi ìṣandí. A sọ fún bíríkìlà kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa ní igun yàrá náà: ojú agbada kékeré kan tí omi rẹ̀ ń lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú kòtò tí a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí. Àwọn ọkùnrin náà ní láti máa jókòó tọ̀, àlejò sì gbọ́dọ̀ gba àlàyé kí ó tó wọlé. Ìyẹn kò rọrùn láti ṣe fún àna ẹni.

Nígbà tí àpótí àkọ́kọ́ kún, a fi erùpẹ̀ bò ó, a dé e, a sì gbé àga bọ́ sórí èkejì. Ní ilẹ̀ tó gbóná bíi tiwa, ó kéré tán, ọdún kan ni ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fi í sílẹ̀, nítorí ẹyin aràn ìfun, tó lágídí ju gbogbo kòkòrò yòókù lọ láti kú. Erùpẹ̀ dúdú gbígbẹ ni a bá níbẹ̀ lẹ́yìn náà, kò rùn, ó sì fúyẹ́ lórí ṣọ́bìrì. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan àti bọ́tìnnì mélòó kan nìkan ni kò jẹrà. Ìdí òroǹbó àti kòkó ni a rì í mọ́, a kò mú un dé ìdí ewébẹ̀ tí a ń jẹ ní tútù. Bàbá àgbà ilé wa, tó mọ ìgbà àwọn agbépòó, kọ̀ láti jáde wò ó. Wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n ń fi òru bojú ṣe láyé àtijọ́ ni àwa ń ṣe ní ọ̀sán gangan.

Kíkó àpótí yìí ló ń ba ọjà rẹ̀ jẹ́ níbi púpọ̀. Ìlú Durban ní Gúúsù Áfíríkà ti kọ́ irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yìí tó ju 80,000 lọ sí àwọn agbègbè ẹ̀yìn ìlú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kí ìtọ̀ rì sí, ọ̀pọ̀ onílé níbẹ̀ ni kò sì fẹ́ fọwọ́ kan ìgbẹ́ gbígbẹ náà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi ni wọ́n ń béèrè. Ní àríwá Fietinámù, níbi tí alápòótí méjì ti gbilẹ̀ láti àwọn ọdún 1950, àwọn àgbẹ̀ tó ń wá ajílẹ̀ ló ń lò ó. Nítorí náà, n kò ní gba onílé tó ní ayálégbé púpọ̀ nímọ̀ràn láti kọ́ ọ sí ilé oníyàrá-kọjúsíyàrá nígboro Àkúrẹ́: kò sí ẹni tí yóò bu eérú, kò sí ẹni tí yóò gbé kẹ́ẹ̀gì. Àgbẹ̀ abúlé, ilé ẹ̀kọ́ tó ní oko, ẹni tí kànga rẹ̀ kò jìn, àti ẹni tí àpáta kò jẹ́ kí ó gbẹ́ sọ́kàwéè, àwọn ni ó tọ́ sí. Owó rẹ̀ ju ti ṣáláńgá lọ, kò sì tó ti olómi pẹ̀lú sọ́kàwéè, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ní láti fọ́ òkúta.

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ fún òun, kí ó ti bá wọn sọ ọ̀rọ̀ paípù íǹṣì 2 àti àyè omi ìṣandí kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kí ó sì wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àpótí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni òjò ń gbà wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ra àga nìkan, kí ó bu omi sí iwájú rẹ̀ níṣojú ẹni tó ń tà á, kí ó wò bóyá díẹ̀ ń ṣàn sẹ́yìn. Àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde fún wa ń ṣàn sẹ́yìn, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata.