Ẹ ṣọ́ra fún oní-ilẹ̀dú tó ń fi ẹ̀yìnkùlé mi polówó

Ẹ̀yin ará àdúgbò, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé láti Ajah títí dé Ṣàngótẹ̀dó, bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán ọgbà kan hàn yín lórí WhatsApp, tí koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí kẹ̀kẹ́ ọmọdé pupa kan fara ti ẹsẹ̀ táǹkì omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ẹ̀yìnkùlé mi nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ọmọ mi ni. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ́ koríko náà tán gan-an ni oní-ilẹ̀dú yìí ya àwòrán náà. Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó ṣeé yà níbẹ̀ mọ́ àfi ẹrẹ̀ àti ẹ̀fọn.

₦672,000 ló bá a lọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: típà ilẹ̀dú méjì, ₦360,000, koríko kápẹ́ẹ̀tì, ₦162,000, kẹ́ẹ̀gì "oògùn ilẹ̀" méjì, ₦70,000, owó iṣẹ́, ₦80,000. N kò ní dárúkọ ọkùnrin náà níbí, ó ti pa nọ́ńbà dà lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ náà kò sì ní le fún un láti pa dà. Ọgbọ́n tó ń ta ni kí ẹ dá mọ̀.

Ẹ mọ bí ilẹ̀ apá ibí ṣe rí. Àbàtà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, iyanrìn ni wọ́n fi dí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni típà oníyanrìn, ọkọ̀ oníbúlọ́ọ̀kù àti ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré wá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún gbogbo àkókò tí a fi kọ́lé. Ẹ̀yìnkùlé mi yìí ni àwọn bíríkìlà ti ń po sìmẹ́ńtì. Bí òjò bá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, omi á ṣì dúró síbẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Mo sọ ọ́ fún un kedere. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má dààmú, ilẹ̀dú la máa fi bò ó."

Ká fi bò ó! Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti ṣílẹ̀kùn fún un kó máa lọ.

Kò gbẹ́ ihò kan ṣoṣo. Kò béèrè ibi tí omi máa gbà jáde. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà, mítà 12 níbùú, mítà 9 lóròó, ó tẹ fóònù díẹ̀, ó pe owó. Nígbà tó máa fi di aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, típà ti dé ẹnu géètì. "Tọ́ọ̀nù ogún" ló pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, torí ibẹ̀ ni owó ti kọ́kọ́ sọnù. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni mo tó rí irú ọkọ̀ kan náà níbi tí wọ́n ti ń da iyanrìn, mo sì fi téèpù wọ̀n ọ́n: mítà 4 ní gígùn, mítà 2.2 ní fífẹ̀, ẹrù inú rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ ní gíga. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ fún ara wọn, mítà kúbíìkì bíi méje péré ni. Mítà kúbíìkì kan ilẹ̀ tó ní ọ̀rinrin máa ń wọ̀n tó tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀. Ẹ rí i pé tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ló gbé wá, ó gba owó ogún. Ẹ gbé téèpù yín jáde kí awakọ̀ tó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè. Bó bá ti dà á sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ dúdú bí èédú, ojú mi sì fẹ́ràn rẹ̀. Imú mi ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ó ní ajílẹ̀ ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ilẹ̀dú gidi máa ń rùn bí abẹ́ igi lẹ́yìn òjò, ẹ ó sì rí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, ẹ lè rí ekòló pàápàá. Èyí tó ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ tí wọ́n hú nínú àbàtà ni, omi ti dí i pa níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fi ráyè wọlé. Nígbà tí oòrùn pa á fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sán yẹ́yẹ́ bí ìsàlẹ̀ odò tó gbẹ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí dáńdá fi gún orí jáde láàárín koríko. Bí ẹ bá fà á, ewé lásán ló máa bọ́ sí yín lọ́wọ́, kóró rẹ̀ tó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ á dúró sísàlẹ̀, á sì tún hù.

"Oògùn ilẹ̀" ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì funfun onílítà márùn-ún, kò ní lébẹ́ẹ̀lì. Ó ní ó máa tú ilẹ̀ tó ti le ká, pé kò sídìí fún dígà. Ó pò ó mọ́ omi, ó wọ́n ọn, ó ń hó kùù. Ìyókù tó kù nísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, ọmọbìnrin tó wà lọ́dọ̀ mi fi fọ bàtà ilé-ìwé, bàtà náà sì mọ́ fíní. Lóòótọ́, ohun kan wà tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní gypsum, ó máa ń ran ilẹ̀ tí irú iyọ̀ kan ti bàjẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí táyà típà ti tẹ̀ le bí àpáta, kò sí omi inú kẹ́ẹ̀gì tó máa tú u. Irin ló ń tú u.

Oṣù Kẹfà dé, òjò Èkó sì ṣe bí ó ti máa ń ṣe. Lọ́jọ́ kẹta òjò, mo tẹ ẹsẹ̀ lé koríko, ó ń mì jẹ̀lẹ́jẹ̀lẹ́ lábẹ́ mi. Ó kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ó jẹrà láti ìdí. Mo pe ọkùnrin wa. "Mọ́mì, koríko yìí, omi ni oúnjẹ ẹ̀." Ó sì bá òtítọ́ díẹ̀ mu, kápẹ́ẹ̀tì yìí fẹ́ ọ̀rinrin ju ọ̀pọ̀ koríko lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ni, kì í ṣe kó máa gbé nínú adágún.

Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ ọ̀gbìn fẹ̀yìn tì ní òpópónà wa ló bá mi wò ó. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú irin kọnkéré tó ṣẹ́kù níbi ilé, ó kì í bọlẹ̀. Ó wọlé wẹ́rẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ó wá ró *káń*. Ó sún síwájú, ó tún kì í: *káń*. Ibi méje ló kì í, ibi méje ló ró. Ó wá fi ọwọ́ gbá koríko náà mú, ó ká a sókè bí ẹní. Gbòǹgbò kankan kò kọjá ìpele dúdú yẹn. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti rẹ gàrí rí? Abọ́ tí kò ní ihò ni wọ́n da gàrí yín sí. Ibo lẹ fẹ́ kí omi gbà?"

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ yín, ẹ ní kó kọ́kọ́ gbẹ́ ihò níṣojú yín, sẹ̀ǹtímítà 30 ní fífẹ̀, 30 ní jíjìn. Ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà, ẹ tún bu òmíràn, ẹ wá fi rúlà wò ó. Bí kò bá lọ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ láàárín wákàtí kan, ẹ má jẹ́ kí ó gbé típà kankan wá. Bí omi bá sì ń sun láti ìsàlẹ̀ ihò kí ẹ tó bu omi rárá, bó ṣe máa ń ṣe lápá ibí ní ìgbà òjò, kì í ṣe koríko lẹ kọ́kọ́ nílò. Ojú ọ̀nà fún omi ni, tàbí kí ẹ gbé gbogbo ilẹ̀ náà ga.

Ẹ sá fún ẹni tó bá ní kí ẹ kàn wọ́n iyanrìn díẹ̀ mọ́ amọ̀ pẹ̀lú. Búlọ́ọ̀kù nìyẹn, ẹ kàn yọ sìmẹ́ńtì kúrò nínú rẹ̀ ni.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo dúró di ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, torí ẹni tó bá ro ilẹ̀ tó rin gbindin tún ń tẹ̀ ẹ́ pa sí i ni. Mo máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ kan, mo fún un pọ̀. Ìgbà tó ń ṣe bí òkèlè àmàlà, mo fi í sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo fi àtàǹpàkò tì í tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni mo pe àwọn ọmọkùnrin méjì pẹ̀lú dígà. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi tú ilẹ̀ líle yẹn ká, ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 25, a sì po imí adìẹ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn dé ìsàlẹ̀. A jẹ́ kí ilẹ̀ náà rọ̀gbọ̀kú díẹ̀ kúrò lára ilé, sẹ̀ǹtímítà méjì ní mítà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a gbẹ́ kòtò tóóró, a tẹ́ aṣọ sí i kí ẹrẹ̀ má dí i, òkúta wẹ́wẹ́ àti páìpù oníhò wọ inú rẹ̀, ó sì já sí gọ́tà. Ẹ rí i dájú pé gọ́tà yín relẹ̀ ju ẹnu páìpù lọ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi àdúgbò ni yóò máa wọlé bá yín. Gbogbo èyí kò gba ìdajì ohun tí mo san lákọ̀ọ́kọ́.

Bí ọkùnrin náà bá fi àwòrán kẹ̀kẹ́ pupa yẹn hàn yín, ẹ béèrè èyí tí wọ́n yà níbẹ̀ lẹ́yìn òjò. Bó bá ní kò sí, ẹ kàn sí mi. Mo ní méjìlá.