Kẹ̀kẹ́ Tòkúnbọ̀ Oníjíà fún Ìrìn Ọjọ́ Mẹ́ta láti Òṣogbo: Ṣé Ó Tó Rà?

Bí ẹ bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Òṣogbo, kí ẹ gba Ẹdẹ àti Ṣẹ̀kọ̀nà lọ sùn ní Ilé-Ifẹ̀, kí ẹ gbéra sí Iléṣà lọ́jọ́ kejì, kí ẹ sì padà sílé lọ́jọ́ kẹta, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n á kọ́kọ́ fi hàn yín lọ́jà ni tòkúnbọ̀ oníjíà tí táyà rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 26. Gbogbo ìrìn náà kò ju nǹkan bí 110 kìlómítà lọ, kẹ̀kẹ́ yìí sì tó o ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á kàn ti fọ̀ ọ́ ni, ó fi epo ra ṣéènì, ó fẹ́ táyà rẹ̀ lé. Bó ṣe wà yẹn kọ́ ló ṣe yẹ kó jáde nílùú.

Férémù rẹ̀ ló gba ìyìn jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ irin, ẹ sì lè fi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré mọ̀ ọ́n, nítorí kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù. Irin wúwo lóòótọ́, kẹ̀kẹ́ náà lè tó kìlógíráàmù 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ bó bá sán lójú ọ̀nà, wẹ́dà ìlú tí ẹ bá dé lè jó o pọ̀. Alumíníọ̀mù kò gba irú iná bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró lé e kí ẹ tó sanwó. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì bá kanlẹ̀, ó yẹ kí àlàfo bí ínǹṣì méjì wà láàárín irin òkè àti abẹ́ yín. Kẹ̀kẹ́ tó bá ga jù, kò sí ẹ̀dínwó tó lè mú un kúrú. Èyí tó ní sípíríǹgì lára férémù lábẹ́ ìjókòó, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó dùn ún wò: bí ẹ bá ń gun òkè, sípíríǹgì á máa gba agbára tó yẹ kí táyà rí lò.

Jíà ni kí ẹ fara balẹ̀ wò, torí òkè pọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹ ka eyín rẹ̀. Bí irin eléyín tó kéré jù níwájú bá ní eyín 28 tàbí 22, tí èyí tó tóbi jù lẹ́yìn sì ní 28 ó kéré tán, ẹ ó lè gbé ẹrù gun òkè láì sọ̀kalẹ̀. Bí okùn jíà iwájú bá ti já, tí ṣéènì kò kúrò lórí èyí tó kéré jù, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á tún un ṣe lójú yín. Ẹ wá fi téèpù wọn ṣéènì. Ẹ fi òdo téèpù sí àárín píìnì kan, ìyẹn irin róbótó kékeré tó so ṣéènì pọ̀, kí ẹ wo ibi tí ínǹṣì 12 bọ́ sí. Bó bá bọ́ sí àárín píìnì mìíràn gan-an, ṣéènì ṣì dára. Bí píìnì náà bá ti fi 1/16 ínǹṣì kọjá 12, ẹ pààrọ̀ ṣéènì. Bó bá fi 1/8 kọjá, eyín ẹ̀yìn náà ti jẹ, ṣéènì tuntun á kàn máa fò lórí rẹ̀ ni.

Táyà tòkúnbọ̀ ló máa ń tan èèyàn jẹ jù. Eyín rẹ̀ á ṣì ga bíi ti tuntun, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nílẹ̀, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó rí i tó là wẹ́wẹ́. Ẹ ra èyí tí ojú rẹ̀ tẹ́, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 1.5 sí 1.75, torí táyà eléyín ńlá ń fa èèyàn sẹ́yìn lórí ọ̀dà. Kí imú túùbù rí bíi ti ọ̀kadà, kí fọkanáísà ibikíbi lè fẹ́ ẹ. Iye tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ wà lára táyà níbi tí wọ́n kọ PSI sí. Ẹ sọ fún fọkanáísà kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà mọ́tò lè bẹ́ túùbù kẹ̀kẹ́ kí ó tó ṣẹ́jú. Ẹ má sì jẹ́ kí ó fi iná lẹ̀ ẹ́, ó fẹ́lẹ́ jù. Sólúṣọ̀n ni kí ẹ lò: ẹ ha ojú ibẹ̀, ẹ fi sólúṣọ̀n ra á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí ẹ tó tẹ páàṣì mọ́ ọn.

Wọ́n á ní àwọn ti ṣe sáfíìsì. Ẹ gbé táyà sókè, ẹ yí i. Bó bá ń dún bí iyanrìn, tàbí tó ń mì sọ́tùn-ún sósì bí ẹ bá dì í mú, wọn kò tú bíárìn rẹ̀ fi gíríìsì sí i. Ẹ ta sípóòkù ẹ̀yìn wò pẹ̀lú ìka, pàápàá àwọn tó wà lápá ṣéènì, torí àwọn ló máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́ bí ẹrù bá wà lórí káríà. Ẹ so méjì tí gígùn rẹ̀ bá a mu mọ́ ara férémù.

Ìjókòó wá ńkọ́? Ẹ má ra èyí tó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ìdí á rì sínú rẹ̀, á sì máa ha itan. Fún gíga rẹ̀, ẹ gbé gìgísẹ̀ lé ìtẹ̀sẹ̀ nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Bí iwájú orúnkún bá ń dùn yín, ìjókòó ti relẹ̀ jù. Bí ìgbáròkó bá ń mì lọ mì bọ̀, ó ti ga jù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni kí ẹ fi gbáradì. Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ìṣẹ́jú 40 sí 60 láàárín ìlú, kí ọ̀kadà àti Márúwá tó kún oríta Ọlá-Ìyá. Àbámẹ́ta ni ti ọ̀nà jíjìn: kìlómítà 15 ní ọ̀sẹ̀ kìíní, Ẹdẹ lọ-bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ìkìrun lọ-bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ẹ lo jíà fífúyẹ́, kí ẹsẹ̀ máa yí bí ìgbà 70 sí 80 ní ìṣẹ́jú kan. Fífi ipá tẹ jíà líle ló ń ba orúnkún jẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ìkeje ni kò gbọdọ̀ yẹ̀: kìlómítà 45 ní Àbámẹ́ta, 30 ní Àìkú, gba ọ̀nà Iléṣà, pẹ̀lú kìlógíráàmù mẹ́jọ lórí káríà. Ọjọ́ kejì yẹn ni ìdí tó bó àti àtẹ́lẹwọ́ tó kú máa ń fi ara hàn, ó sì sàn kó ṣẹlẹ̀ nítòsí ilé. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹ dín gbogbo rẹ̀ kù sí ìdajì kí iṣan lè sinmi.

Omi ọ̀rá kan sí kan àbọ̀ ni kí ẹ mu ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ìrìn bá gùn, ẹ po omi ọ̀rá méjì pẹ̀lú ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tàbí àádùn ní wákàtí kan, kí ebi tó dé rárá.

Rọ́bà bíréèkì tòkúnbọ̀ sábà máa ń ti le bí igi, èèyàn kò sì gbọdọ̀ fi irú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ níwájú tírélà láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà. Nítorí náà, bí olùtajà bá pe iye rẹ̀, ẹ yọ owó rọ́bà bíréèkì mẹ́rin, táyà méjì, túùbù méjì àti ṣéènì kan kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó dá a lóhùn. Kí ẹ sì gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà férémù nínú.