"Ṣàlàyé" àbí "jíròrò": èwo ni kí n lò?

Àwọn tó ń wá àkòrí fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ máa ń bi mí léèrè èyí léraléra.

Ẹ wo inú "àlàyé" fúnra rẹ̀: là á, kó yé. Ẹnì kan ló mọ̀ ọ́n, òun ló ń la ọ̀rọ̀ fún ẹlòmíràn. "Jíròrò" ní tirẹ̀ kò ṣeé dá ṣe. Ó kéré tán, ẹni méjì gbọ́dọ̀ la ẹnu.

Ní ti ìlò, "ṣàlàyé" ló rọrùn jù: "ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà", ó parí. "Jíròrò" sábà máa ń fẹ́ "lórí" tàbí "nípa" tẹ̀lé e.

Ewu inú "jíròrò" ló ká mi lára jù. Mo ti lọ síbi tí wọ́n ti kọ "ìjíròrò" sára ìwé ìpè rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Obìnrin kan nawọ́ títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyẹn kò dáa rárá.

Tí ẹ bá mọ ohun tí olùgbọ́ kò mọ̀, ẹ kọ "ṣàlàyé". Tí ẹ kò bá tíì pinnu, tí ẹ sì fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn, "jíròrò" ló yẹ.