Búkà alámàlà kan lẹ́yìn ọjà Bódìjà

Ẹ̀yin aboyún Ìbàdàn, ẹ wá gbọ́ o. Oyún mi ti wọ oṣù keje báyìí, látìgbà tó ti wà ní oṣù kẹta ni nǹkan méjì ti ń wù mí jẹ tọ̀sán tòru: àmàlà tó gbóná fẹlifẹli, ewédú àti gbẹ̀gìrì lórí ẹ̀, àti áìsì. Tàmàlà ò yà mí lẹ́nu, ọmọ Ìbàdàn ni mí. Áìsì yẹn ló dẹ́rù bà mí, torí bí gbogbo ilé bá ti sùn màá dìde lọ ṣí fíríìsà, màá máa rún un wómúwómú títí eyín á fi máa ro mí, n ò sì ní lè dáwọ́ dúró.

Nígbà tí mo sọ fún nọ́ọ̀sì, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò kíá, PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, jẹ́ 28, kò tó. Ó ní aboyún tó bá ń rún áìsì tàbí tó ń jẹ amọ̀ funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ̀jẹ̀ ni kò tó lára ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, amọ̀ yẹn gan-an tún burú jù torí òjé (lead), tó jẹ́ májèlé, lè wà nínú ẹ̀, ó sì ń dé ara ọmọ. Ó fún mi ní ògùn ẹ̀jẹ̀, ó ní n ò gbọdọ̀ fi tíì gbé e mì, kí n máa jẹ ọsàn tẹ̀lé e, kí n sì máa jẹ ẹran, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dáadáa. Mo ní ṣé gbẹ̀gìrì náà kọ́ lẹ̀wà? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni. N ò ní sọ pé gbogbo ohun tó bá ń wu ẹnu lara ń fẹ́ o, torí Fáńtà náà ń wù mí, n ò sì fẹ́ kí ṣúgà mi lọ sókè.

Bí mo ṣe ń lọ sí búkà yìí nìyẹn. Kò ní bọ́ọ̀dù, apá ibi tí wọ́n ti ń ta ẹlùbọ́ ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé'bẹ̀ mo ní kí ìyá yẹn fún mi ní àmàlà mẹ́rin. Ó wo ikùn mi, ó ní, "Ìyàwó mi, jẹ méjì ná, bí o ò bá yó, mo wà níbí." Ó ti igbákọ bọ omi, ó gé e, ó yí i títí ó fi ń dán, ó da gbẹ̀gìrì sí apá kan, ewédú sí apá kejì, ó wá bu ọbẹ̀ ata sínú abọ́ kékeré lọ́tọ̀, ó ní kí n máa tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀ torí àyà tó ń ta aboyún. Méjì yẹn yó mi bámú. Nọ́ọ̀sì náà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí n máa jẹ díẹ̀ léraléra, torí ọmọ ń ti ikùn oúnjẹ sókè.

Gbẹ̀gìrì wọn kì í kan. Mo sọ ọ́ torí mo ti jẹ èyí tó kan níbòmíì, inú run mí ní ọjọ́ méjì gbáko, mo sunkún, ẹ̀rù ọmọ ló ń bà mí.

Ohun tí n ò fẹ́ níbẹ̀: igi ni wọ́n fi ń dáná, èéfín pọ̀, ìta ni mo máa ń jókòó sí, bẹ́ǹṣì wọn ò sì ní ibi téèyàn lè fẹ̀yìn tì. Bí ago kan bá lù, ẹran tó dáa ti tán, ẹ tètè lọ. Àmàlà méjì pẹ̀lú ẹran kan, ₦2,000 ni mo ń san.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti ń lo ògùn tí mo sì ń jẹun dáadáa, PCV mi ti di 33, n kì í dìde lóru lọ ṣí fíríìsà mọ́. Ìyá yẹn ò tíì bi mí lórúkọ rí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń dìde ló máa ń sọ pé, "Wẹ́rẹ́ lo máa bí o, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ." Màá tún lọ lọ́la.