Wọ́n ba fílítà púùlù wa jẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe: ilé iṣẹ́ kan nílùú Ìbàdàn

Ẹni tó bá ń yí ọwọ́ fáàfù fílítà nígbà tí pọ́ǹpù ṣì ń ṣiṣẹ́ kò yẹ kó wọ yàrá ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rán wá sí ilé ìtura wa ní Bódìjà ṣe gan-an nìyẹn. Omi ń fi agbára wọlé, ó di ọwọ́ fáàfù mú, ó fà á láti Filter, ibi tó ti ń sẹ́ omi, lọ sí Backwash, ibi tí omi ti ń yí padà láti fọ yanrìn, nǹkan sì ró gbàù nínú rẹ̀. Mo ní, "Pa iná ná, pa iná!" Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀, bá a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn." Láti ìgbà náà ni omi ti ń jáde gba páìpù ìdọ̀tí, bí fáàfù tilẹ̀ wà lórí Filter. Gáskẹ́ẹ̀tì inú fáàfù, rọ́bà ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó ń dí omi kó má gba ọ̀nà mìíràn, ti ṣí kúrò nínú kòtò rẹ̀. Omi púùlù wá ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò rí ibi tó ń jò.

Yanrìn inú táǹkì fílítà, tó ń sẹ́ omi púùlù, la ní kí wọ́n wá pààrọ̀ fún wa. Yanrìn fílítà máa ń lò tó ọdún márùn-ún sí méje kó tó gbó. Ọ̀rá ara èèyàn àti ìpara á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, omi á wá la ọ̀nà gba àárín rẹ̀ kọjá láìṣe pé wọ́n sẹ́ ẹ. Ẹ óò rí i pé géèjì, tó ń wọn agbára omi, kò gòkè rárá, síbẹ̀ omi ń rú. Nílùú Ìbàdàn níbí, eruku ọyẹ́ tún ń dá kún un, bẹ́ẹ̀ náà ni irin tó máa ń wà nínú omi bóòhóòlù: chlorine tó bá ti kàn án, á di ìpẹtà pupa, inú yanrìn ló sì ń há sí.

N ò ní parọ́ mọ́ wọn: yanrìn tí wọ́n gbé wá dára. Táǹkì wa fẹ̀ ní ínǹṣì 24, àádọ́jọ kílò ló ń gbà, àpò mẹ́fà oníkílò 25 ni wọ́n sì kó wá, yanrìn fífọ̀ tí hóró rẹ̀ kò kọjá ìdajì mìlímítà sí díẹ̀ lókè ìyẹn. Àwọn kan wà tó jẹ́ yanrìn ìkọ́lé ni wọ́n máa ń gbé wá. Ẹrẹ̀ wà nínú ìyẹn, hóró rẹ̀ kò sì dọ́gba: èyí tó kéré jù á jò bọ́ sínú púùlù, èyí tó tóbi jù kò ní dá ìdọ̀tí dúró.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe dà á! Táǹkì gbẹ táútáú, kò sí ẹ̀kán omi kankan nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà gbé àpò lé èjìká, ó sì da yanrìn sílẹ̀ wììì láti òkè. Kò fi nǹkan kan bo ẹnu páìpù àárín. Àwọn lateral, páìpù kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ táǹkì, tó ń jẹ́ kí omi kọjá ṣùgbọ́n tó ń dá yanrìn dúró, kò nípọn, ike lásán ni, wọn ò lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lójijì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, yanrìn ti tò sílẹ̀ púùlù lábẹ́ gbogbo ẹnu ibi tí omi ti ń padà wọlé. Eruku yanrìn tuntun lè jáde fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n tí hóró yanrìn bá ń wá lójoojúmọ́, lateral ti kán, tàbí páìpù àárín ti sán, tàbí yanrìn ti wọ inú páìpù náà.

Mo pe ọ́fíìsì wọn. Wọ́n tètè gbé fóònù, ẹ jẹ́ kí n yìn wọ́n fún ìyẹn. Arábìnrin tó dáhùn ní, "Ẹ má bínú sà, táǹkì yín ló ti dàgbà. Ẹ jẹ́ ká gbé tuntun wá." Kò rán ẹnikẹ́ni wá wò ó o! Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwé owó ti dé sórí WhatsApp mi: táǹkì, fáàfù, iṣẹ́ ọwọ́, àti gáskẹ́ẹ̀tì tí ọmọ iṣẹ́ wọn fúnra rẹ̀ bà jẹ́. Táǹkì tí ara rẹ̀ kò sán, tí ọrùn rẹ̀ kò là, tí kò wú, tí kò sì sun omi níbì kankan, kò tíì kú. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì yẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má lẹ̀ ẹ́, torí agbára omi inú rẹ̀ lè fọ́ ọ mọ́ èèyàn lára. Tiwa kò ní ìkankan.

Mo kọ̀ jálẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rán bàbá kan wá.

Ohun tí bàbá yìí kọ́kọ́ ṣe ni pé ó pa pọ́ǹpù, ó tún lọ pa iná rẹ̀ níbi bírékà. Ó fi máákà fa ìlà láti orí fáàfù dé ara táǹkì, kí páìpù lè bá ojú ara wọn mu nígbà tó bá ń dá a padà. Ó ṣí ìdérí ìsàlẹ̀ kí omi lè gbẹ, ó fi abọ́ ike kékeré bu yanrìn jáde, nígbà tó sì kù díẹ̀ kó kan lateral, ó ju abọ́ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wa á. Méjì nínú mẹ́jọ ti kán. Ó gbé ìkẹta sójú oòrùn, ó rọra tẹ̀ ẹ́, ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun hàn lára rẹ̀. Ó pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó wá bu omi sí táǹkì dé ìdajì, ó fi ọ̀rá àti téèpù di ẹnu páìpù àárín, ó ń da yanrìn díẹ̀díẹ̀ yí i ká, ó sì fi àyè sílẹ̀ lókè kí yanrìn lè rí ibi gòkè sí nígbà Backwash. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ rán mi létí ọ̀rá yẹn," ṣùgbọ́n ó ti yọ ọ́ kí n tó lanu. Ó fá gbogbo gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò nínú kòtò fáàfù kó tó tẹ gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Gírísì sílíkóònù ló fi pa rọ́bà ọrùn táǹkì, kì í ṣe Vaseline, tó máa ń ba rọ́bà jẹ́. Backwash ló fi bẹ̀rẹ̀, títí omi inú gíláàsì ara fáàfù, tí wọ́n fi ń wo omi tó ń jáde, fi mọ́ kedere, ó pa pọ́ǹpù, ó yí i sí Rinse, tó ń ṣan ìdọ̀tí tó kù dànù, fún bí ìṣẹ́jú kan, ó tún pa á, kó tó yí i sí Filter. Géèjì dúró lórí 12 psi. Ó kọ 12 sára táǹkì, ó ní tó bá ti di 20 sí 22, ká ṣe Backwash, ká má ṣe é ṣáájú, torí ìdọ̀tí díẹ̀ nínú yanrìn máa ń jẹ́ kó sẹ́ omi dáadáa sí i.

Omi mọ́. Èèyàn lè ka ìlà táìlì níbi tó jìn jù.

Ẹ bá mi bèèrè bàbá yẹn tí ẹ bá pè wọ́n, kẹ́ ẹ sì dúró tì í títí ó fi parí. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọ́fíìsì pé kí wọ́n yọ gáskẹ́ẹ̀tì kúrò nínú ìwé owó wa. Wọn ò tíì yọ ọ́, mo sì ń bèèrè owó náà lọ́wọ́ wọn.